Alágbẹ̀dẹ Orí Owó Estonia

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ba owó náà jẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi jù mí lọ, ìyá kan náà ló bí wa, bàbá kan náà, síbẹ̀ inú mi ò tíì yọ́ sí wọn.

Ìgbà tí káńsù fẹ́ wó bílọ́ọ̀kù tí wọ́n ń gbé ní Connaught Estate ni wọ́n wá bá mi ní Thamesmead, nílùú òyìnbó níbí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà di ọdún kan, ọdún kan ré kọjá. Pálọ̀ mi di tiwọn. Sùtánà funfun wọn ló ń gbẹ lórí hítà mi, àbẹ́là wọn ló kún orí tábìlì mi. Màá wa bọ́ọ̀sì láti ìdájí, àwọn èrò á bú mi ní Harrow Manorway bíi pé èmi ni mo dá gosiló sílẹ̀, màá délé, ohun tí màá kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Ṣé o ra mílíìkì?" Káàbọ̀ lásán, wọn ò ní kí mi.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó jẹ́ tèmi nínú ilé yẹn: álúbọ́ọ̀mù kan tó kún fún owó bébà ilẹ̀ Estonia, owó àtijọ́, ti ìgbà tí orílẹ̀-èdè kékeré náà wà lómìnira láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n fi dá dúró kí àwọn ará Rọ́ṣíà tó wọlé tọ̀ wọ́n, tí owó wọn sì di bébà lásán. Ọjọ́ kan tí òjò lé mi wọ gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Powis Street ni mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ta owó àtijọ́ ló pàtẹ síbẹ̀. Òyìnbó arúgbó kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní owó Nàìjíríà wà ní tábìlì kejì. Ta ló bi í ní owó Nàìjíríà? Ìbínú yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fa àga, kí n jókòó síwájú ẹ̀, tí mo sì ń yẹ ọjà ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹnu yà mí. Krooni ni wọ́n ń pe owó ọ̀hún, mi ò sì rí orí ọba kan tàbí ti ọ̀gágun lórí èyí tó kó síwájú mi. Apẹja ló wà lórí márùn-ún, ó di àjẹ̀ mú. Obìnrin tó gbé ìtí ọkà tòun ti dòjé ló wà lórí mẹ́wàá. Darandaran tó ń fun ìwo ló wà lórí ogún. Òyìnbó yẹn wá ṣí ewé kan, ó fi ọgọ́rùn-ún hàn mí. Alágbẹ̀dẹ ni, ó dúró nídìí owú tí wọ́n ń lurin lé, òòlù wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá wa, ní ìlú wa ní Ìjẹ̀bú. Mi ò tíì pé ọdún márùn-ún nígbà tí wọ́n kú. Kò sí fọ́tò wọn kankan, ì báà ṣe ti ìwé ìrìnnà. Gbogbo ohun tí mo rántí ò ju ooru iná, ariwo irin, àti ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó tẹ̀ síwájú. Mo wo ọkùnrin orí bébà yìí, omi bọ́ lójú mi níwájú òyìnbó tó ti rí mi fín. Mi ò ní sọ iye tí mo rà á. Kò kan ẹnì kankan.

Mo wá àwọn tó kù kiri lẹ́yìn ìyẹn, títí kan máàkì tí wọ́n kọ́kọ́ ná kí krooni tó dé. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún yẹn nìkan ni mo máa ń kí. Kí n tó lọ síbi iṣẹ́, màá ṣí álúbọ́ọ̀mù, màá dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá mi, màá ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o." Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí i díẹ̀, wọ́n rí mi nílẹ̀ níwájú álúbọ́ọ̀mù.

"Ta lò ń kí níbẹ̀ yẹn?"

"Kò kàn yín, ẹ̀gbọ́n."

Mi ò sọ fún wọn. Kí ni kí n sọ? Àwọn jẹ bàbá fún ọdún mẹ́rìndínlógún, èmi ò jẹ nǹkan kan. Mo jowú wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Ní Sátidé kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, òórùn òróró ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Álúbọ́ọ̀mù mi wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi wọ sùtánà, agogo àdúrà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti yọ ọgọ́rùn-ún náà kúrò nínú ọ̀rá tí mo fi wé e, wọ́n sì ti rẹ ẹ́ sínú òróró ìyàsímímọ́, nínú àwo tí mo fi ń jẹun.

"Kí lẹ ṣe? Kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo gba ẹ̀mí ẹ là ni." Wọn ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Wòlíì rí i kedere. Owó àjèjì kan nínú ilé yìí ló dí ọ̀nà fúláàtì tí káńsù fẹ́ fún mi."

"Ìran wo ni wòlíì rí? Ṣebí ẹ̀yin lẹ lọ sọ fún un!"

"Ṣé èmi ni mo ní kó o máa dọ̀bálẹ̀ fún owó? Owó! Ìwọ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún!"

Ojú mi ṣú. N kò sọ "ìwọ" sí wọn rí láyé mi, àmọ́ mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. "Ìwọ obìnrin yìí, kó ẹrù ẹ jáde nílé mi! Bàbá mi lo da òróró lé lórí! Bàbá mi nìyẹn!"

Wọ́n fi ìka méjì gbé owó náà sókè, wọ́n sún un mọ́ ojú. Mo rò pé wọ́n máa sunkún. Rárá o, ẹ̀rín ni wọ́n rín.

"Èyí? Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá wa. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń na ọkọ́ sí oníbàárà, kí oníbàárà má baà rò pé wọ́n rí òun fín, ṣùgbọ́n òsì ni wọ́n fi ń lurin. Ta ló ń fẹ́ ẹwìrì fún wọn? Èmi ni! Wò ó, ọ̀tún lèyí fi mú òòlù. Ẹni ẹlẹ́ni lo ti ń kí láti ọjọ́ yìí."

Wọ́n jù ú padà sínú àwo, wọ́n lọ di ẹrù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti wọ́ àpótí wọn lọ sí Abbey Wood, lọ́dọ̀ ọmọ ìjọ wọn kan. Mi ò bá wọn gbé e. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, káńsù fún wọn ní fúláàtì. Wọ́n ní òróró ló ṣe é.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ yẹn, èmi nìkan ṣẹ́ kù pẹ̀lú àwo. Mo fẹ́ da gbogbo ẹ̀ sínú bíìnì. Àmọ́ mo kọ́kọ́ gbé bébà náà sójú fèrèsé kí òróró lè ro dànù. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló kọ sí mi. Òróró ti mu ún já, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, alágbẹ̀dẹ yẹn sì hàn láàárín àwòrán ẹ̀yìn, ó dúró nídìí owú, ó kọjú sí ọ̀nà kejì. Ọwọ́ òsì ló fi mú òòlù. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ tòun ti yúnífọ́ọ̀mù bọ́ọ̀sì lára.

Ẹ̀yìn owó náà ló wà lókè nínú álúbọ́ọ̀mù mi báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí nígbà Kérésì, wọ́n béèrè bóyá mo ti ju nǹkan yẹn nù. Mo ní mo ti jù ú nù, mà. Àwọn ti ní bàbá tiwọn. Èyí jẹ́ tèmi.