Ìtàkùn Kì Í Buni Jẹ

Nirupoma Gayen ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti ń ṣe òṣìṣẹ́ ìlera ní abúlé wa létí odò Bidya nílẹ̀ Íńdíà, kò sì sílé tí wọn ò tíì bínú sí i rí. Ojú rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ejò bù jẹ ṣe kú sọ́wọ́ oníṣègùn ejò. Wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin, wọ́n ń fi ewé nà án títí ẹ̀mí fi bọ́. Ọjọ́ náà ló búra pé ẹnikẹ́ni ò ní kú irú ikú bẹ́ẹ̀ lójú òun mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, Khantomoni, opó tó ń gbé lẹ́bàá kànga, ránṣẹ́ pè é. Inú ń run Piyali, ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ìlú ńlá Kolkata. Ọkọ rẹ̀ ti bá ọkọ̀ apẹja lọ.

"Màngòrò ni," ni Khantomoni wí. "Mẹ́rin ló dá jẹ lánàá bí àdán! Fún un lóògùn inú rírun, kó o máa lọ."

Nirupoma súnmọ́ Piyali. Ó na ìka sókè. "Ìyàwó, wo ìka mi."

Piyali gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú rẹ̀ ò gbé sókè. Nirupoma kúnlẹ̀ tì í.

"Ibo lo sùn?"

"Ilẹ̀ẹ́lẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti ń lọ́. "Ooru ń mú mi."

"Mo sọ fún un!" Khantomoni pariwo. "Nírọ̀lẹ́ àná ni mo sọ fún un pé ìtàkùn wọ yàrá, kó gun bẹ́ẹ̀dì!"

"Mo wá ewé títí," ni Piyali wí. "Mi ò rí."

Yéè! Lọ́dọ̀ wa, bí oòrùn bá ti wọ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ dárúkọ ejò, kó má baà gbọ́ kó wá. Ìtàkùn là ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló wá sọ fún ọmọ Kolkata?

Ejò dúdú abìlà funfun wa yìí, bó bá buni jẹ lójú oorun, kì í dunni, ojú ibẹ̀ kì í wú. Inú rírun ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìpéǹpéjú á wálẹ̀, lẹ́yìn náà èémí á dúró.

Khantomoni sáré dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe oníṣègùn, kó so ó, kó fa oró náà mu."

"Ìyá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú okùn wá síbí, òun ni mo máa fi so. Piyali, má rìn, má mira. A máa gbé ẹ ni."

Àwọn aládùúgbò gbé e tòun ti bẹ́ẹ̀dì dé èbúté. Odò ti fà, ọkọ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ní kí wọ́n dúró kí omi kún.

"Ẹ̀mí rẹ̀ ò ní dúró dè é," ni Nirupoma wí. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó kó sínú ẹrẹ̀ tó mù ún dé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀. Ojú ti ọlọ́kọ̀, òun náà bọ́ sílẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa oògùn apa-oró sí i lára, wọ́n sì fi ẹ̀rọ bá a mí fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó lajú. Màngòrò ló kọ́kọ́ béèrè.

Lẹ́yìn tí Piyali délé, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí oòrùn ti wọ̀, Nirupoma ń kọjá lọ ló gbọ́ igbe nílé Khantomoni.

"Ejò! Piyali, ejò! Gun bẹ́ẹ̀dì!"

Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. Ìyá àgbà tí kò dárúkọ yẹn lẹ́yìn ìwọ̀ oòrùn rí láti ọgọ́ta ọdún! Nirupoma sáré wọlé tòun ti ọ̀pá àti àtùpà. Ìtàkùn elégédé ló gba ojú fèrèsé wọlé.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Khantomoni ti gun bẹ́ẹ̀dì, ó sì di ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú gírígírí, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.