Wóró Ìtànṣán Inú Mi àti Ọmọ Rọ̀fíátù

Mo dúró nílé ìtọ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta páàtì ọkọ̀ lọ́jà Ládìpọ̀, ìtọ̀ gbọ̀n mí, síbẹ̀ kò wá. Nígbà tó wá, ó ń kán tó-tó-tó. Mo ní omi ni n kò mu tó. Ìyàwó mi ló lé mi lọ sọ́sibítù.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ yọ díẹ̀ lára pírósíteèti, kókó kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ gbogbo ọkùnrin. Jẹjẹrẹ ni. Lórí bẹ́ńṣì tí a ti ń dúró de dókítà, aṣọ òkú nìkan ni mo ń rò. Ṣùgbọ́n dókítà ní kò tíì jáde kúrò nínú kókó náà. Wọ́n máa ri àwọn wóró tó ní ìtànṣán, tí wọn kò tó ìrẹsì, mọ́ inú rẹ̀, kí wọ́n máa pa àìsàn náà láti inú. Agbára wọn á máa dín kù díẹ̀díẹ̀.

Oògùn oorun ni wọ́n fún mi kí wọ́n tó ṣe é. Nígbà tí mo jí, abẹ́ mi wú. Ó pẹ́ kí ìtọ̀ tó yé ta mí bí ata.

Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé, “Bàbá, ìtànṣán inú yín lè kan ẹlòmíì. Ẹ má gbé ọmọdé lé ẹsẹ̀. Kí aboyún má jókòó tì yín títí a ó fi ní ó tó.”

Rọ̀fíátù ọmọ wa sì ti gbé oyún rẹ̀ wá sílé wa, kó lè bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. N kò sọ àìsàn náà fún un, kí àyà rẹ̀ má baà já. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo sún sẹ́yìn. Ó jókòó tì mí, mo dìde. Nígbà tó yá, ó bú sẹ́kún.

“Bàbá mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?”

Ìyá rẹ̀ ní, “Fi ẹni náà sílẹ̀. Ó kó páàtì sínú ara, ó rò pé o máa jí i.”

Mo bá sọ gbogbo rẹ̀. Rọ̀fíátù nu ojú, ó gbé àga lọ sẹ́nu ọ̀nà.

“Ibí ńkọ́?”

“Tún sún díẹ̀.”

Ibẹ̀ la ti ń tàkúrọ̀sọ títí ó fi bímọ.

Nínú ẹbí wa, èmi àgbà ni mo máa ń gbé ọmọ tuntun, tí mo ń pe ìrun sí i létí bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe. Ẹ̀rù bà mí pé bí ẹlòmíì bá pè é, á dà bí ẹni pé mo ti kú. Àbúrò mi gbé ọmọ náà dání, èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìrun pípè kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ gbé ohùn sókè, ọmọ á gbọ́.”

Mo pè é láti ibẹ̀. Ohùn mi dé etí ọmọ náà.

Nígbà tí dókítà ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi ti dára, pé agbára àwọn wóró náà ti dín kù tó, mo sì lè gbé ọmọ, Rọ̀fíátù gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí bí àyẹ̀wò mìíràn bá ń bọ̀. N kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ọmọ yìí tọ̀ sí mi lára, ó ń dà ṣọ̀ọ̀, kò dúró. Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbà á. Mo ní kó jẹ́ kó tọ̀ ọ́ tán. Ta ló mọ iyì rẹ̀ tó mi?