Ta Ló Rí Òkú?

Ẹni tó bá ń wá wàhálà ni kó gba bírò pupa lọ́wọ́ baba yìí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń yẹ ìwé ìròyìn wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, débi tí gbogbo ènìyàn fi ń pè é ní Baba Bírò Pupa. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, àrùn ìgbàgbé sì ti dé sí i. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ télọ̀ ló ń pè ní "Màámi". Síbẹ̀, láràárọ̀, á jókòó sídìí tábìlì tí ọmọ rẹ̀ fi ń gé aṣọ, á máa fi bírò pupa tún ìwé ìròyìn ṣe.

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn oníròyìn o! Tí wọ́n bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ aláàrùn ìgbàgbé, ẹkún ṣáá ni, àti àwòrán arúgbó tó ń wo ojú fèrèsé. Ìdí nìyẹn tí télọ̀ ò fi kọ́kọ́ gbà nígbà tí obìnrin akọ̀ròyìn kan láti iléeṣẹ́ tí baba ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní òun fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lọ sọ baba òun di ẹni ìkáàánú lójú aráyé. Akọ̀ròyìn bẹ̀ ẹ́ títí: "Ẹ má bínú, mà. Mo máa mú un wá kẹ́ ẹ kà á kó tó jáde."

Ó mú un wá lóòótọ́. Àkọlé tí télọ̀ rí níbẹ̀ rèé, gàdàgbà: "Òkú Tó Ń Mí".

"Háà! Ṣé èpè lẹ̀ ń ṣẹ́ fún un ni? Baba tó bú mi láàárọ̀ yìí pé tíì mi ò dùn, òun lẹ pè lókùú?"

"Ọ̀gá wa ní irú ẹ̀ làwọn èèyàn ń rà, mà."

"Kó lọ fi ti baba tiẹ̀ tà!"

Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni baba ti fa ìwé náà mọ́ra. Ó fa ìlà pupa gbọọrọ lórí àkọlé, ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ta ló rí òkú? Ẹ pe ilé rẹ̀."

Òfin iṣẹ́ wọn nìyẹn láyé ọjọ́un. Wọ́n ti fìgbà kan kéde ikú tíṣà kan tó ń jẹun lọ́wọ́ nílé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, baba ò gbà kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni lókùú láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ pe ilé rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ara òun ló ń kà. Iṣẹ́ ló ń ṣe.

Akọ̀ròyìn wo ìlà pupa náà títí. "Ẹ ṣé, sà," ló sọ, ó sì mú ìwé rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, fóònù dún lórí tábìlì. Baba ló gbé e. Akọ̀ròyìn àná ló ń pè.

"Ẹ káàsán, sà. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ni. Ọ̀gá wa rí bírò pupa yẹn, ó ní àfi kí n pe ilé. Ṣé baba wà láyé, sà?"

"Ó wà," ni baba dáhùn. "Ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má dí i lọ́wọ́."

Télọ̀ gbọ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín tòun tomijé. Ó gba fóònù: "Ẹ ṣeun, àbúrò mi, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ ò ní ṣàìrí ẹni bá yín pe ilé."

Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, àwòrán baba ló wà níbẹ̀, tòun ti bírò rẹ̀, àkọlé rẹ̀ sì ni: "Ó Wà Lẹ́nu Iṣẹ́". Baba kà á látòkè délẹ̀, kò rí àṣìṣe kankan. Ó kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Ó pé. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́."