Okùn Ṣòkòtò Akínwálé

Ẹnu mi ti kó bá mi lọ́pọ̀ ìgbà nínú iṣẹ́ télọ̀ tí mo ti ń ṣe ní àdúgbò Arákálẹ̀ láti ìgbà èwe mi, ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ti Akínwálé.

Ìyá rẹ̀ mú un wá láti Oǹdó kó wá wọ bùbá àti ṣòkòtò tí yóò fi ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wò. Sójà Amẹ́ríkà ni, ó ti lé lógójì ọdún. Ogun tí wọ́n gbé lọ bá onílùú nílùú rẹ̀ ló gba apá òsì Akínwálé. Ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ní òun fẹ́ ra ata lọ́jà.

Akin wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, kò jáde. Mo dúró títí, sùúrù mi tán. Mo jágbe pé, "Àbí o ti sùn síbẹ̀ ni?" Mo fa kọ́tìnì.

Yéè! Ó tẹ̀ ba, ó feyín di etí okùn ṣòkòtò kan mú, ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo wá èkejì. Ojú tì mí débi pé mi ò lè bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má bínú, mà," òun ló tún ń bẹ̀ mí. "Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti dé, Màámi ló ń bá mi so ó. Tí wọ́n bá so ó tán, wọ́n á lọ sunkún ní yàrá. Mo fẹ́ dá wọ ṣòkòtò mi lọ́jọ́ ìdúpẹ́."

"Ìyẹn ò le. Màá fi rọ́bà sí i."

"Rọ́bà kẹ̀? Kí n wá dọmọ jẹ́lé-ó-sinmi?"

Ẹ̀rín pa mí. Ohun tí ọ̀gá mi, Bàbá Ràímì ará Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń wí gan-an nìyẹn. Lójú tiwọn, ṣòkòtò tí kò lókùn kì í ṣe ṣòkòtò àgbà.

Mo jókòó sídìí maṣíìnì, mo ń tú ìbàdí ṣòkòtò. Mo bi í báwo lọ̀hún ṣe rí.

"Télọ̀ kan wà lábúlé tí a wọ̀, mà. A gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí pé a lè rí ojú ọ̀nà láti ibẹ̀. A gbé maṣíìnì rẹ̀ sínú òjò. Ó kàn ń wò wá."

Mo dáwọ́ títú dúró. Inú bí mi, n ò ní purọ́. "Kí ni télọ̀ fi ṣe Amẹ́ríkà?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe é, mà."

"Ẹ wá dá a padà fún un?"

"Ibẹ̀ ni bọ́ǹbù bá mi. Kò sí ṣọ́ọ̀bù mọ́."

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú télọ̀ tí mi ò mọ̀ rí náà sì ṣe mí.

Mo ti rọ́bà bọnú ìbàdí ṣòkòtò, mo wá gé okùn kúkúrú méjì, mo ta wọ́n ní kókó, mo rán wọn mọ́ iwájú. Bí o bá wò ó, wàá ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó ni. Akin fà á wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Bí ìyá rẹ̀ ti wọlé báyìí, ó gbé ata kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Akin. "Wá kí n bá ọ so ó."

Ó rí i pé ó ti wà ní síso. "Ta ló bá ọ ṣe é?"

"Èmi ni mo dá wọ̀ ọ́, Màámi."

Ọwọ́ ìyá náà ò ríṣẹ́ ṣe. Ó dìde, ó rọra gbé ọwọ́ lé apá bùbá tó ń fì lófìfo, ó fọwọ́ wá ibi tí apá ọmọ rẹ̀ parí sí.

"Akin, ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí, Màámi. Ẹ ò bi mí rí."