Bàtà Súẹ́ẹ̀dì àti Pólíìṣì Bàbá Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹsẹ̀ mi ò tíì lajú. Ó ní bàtà tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ jọ ti màmá tó ń pín ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ni ọ̀gá ìmúra nínú ẹbí wa. Bó bá ra ṣòkòtò tuntun, a ó dúró kó ṣàlàyé rẹ̀ tán ká tó jẹun. Torí ẹnu rẹ̀ ni mo ṣe lọ bá ṣumékà kan ní Mushin, pé kó bá mi rán bàtà súẹ́ẹ̀dì dúdú tó dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ọkùnrin náà mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn awọ ló yí síta, ibi tó rọ̀ bí etí ọmọ ewúrẹ́. Ó fi òwú rán àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yípo, kò fi gọ́ọ̀mù tàn mí, ó sì fi síìpù sí ẹ̀gbẹ́ inú níbi tí ojú ò ti ní tètè rí i. Ó wá kìlọ̀ fún mi: "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí pólíìṣì kàn án o, á bà á jẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kẹ́ ẹ máa fi gbọn eruku ẹ̀."

Mo gbọ́. Bàbá mi ni kò gbọ́.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, Surulere là ń gbé. Láti kékeré wa, kò sí bàtà ilé tó ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé bàbá mi fi pólíìṣì kùn ún nírọ̀lẹ́ Sátidé. Á tò wọ́n sẹ́yìnkùlé, á jókòó sórí àpótí. Látìgbà tí apá òsì rẹ̀ ti rọ, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti fi ẹlòmíì ṣe olórí akọrin dípò rẹ̀. Pólíìṣì nìkan ló kù tẹ́nikẹ́ni ò tíì gbà.

Ní Sátidé kan, mo bọ́ bàtà tuntun náà sẹ́nu ọ̀nà, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, bàtà mi ti wà láàárín àwọn bàtà tí bàbá mi tò sẹ́yìnkùlé, ó ń dán bí ìkòkò tí epo dà sí lára.

Bàbá mi nu òógùn ojú. "Ta ló ta bàtà yìí fún ẹ? Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ! Kò dán rárá. Mo kùn ún títí ó fi gbà."

Inú bí mi débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ìyá mi fà mí wọ kíṣìnnì. "Tó o bá ní ó bà á jẹ́, kò ní fọwọ́ kan bàtà mọ́ nínú ilé yìí. Á kàn jókòó, á máa wo ògiri. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

Kì í ṣe ohun tí mo fẹ́. Mo padà síta, mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, Dádì. Ó dán dáadáa."

Mo wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi rí i lẹ́nu géètì, ó di ògiri mú, ó bú sẹ́rìn-ín kẹ̀ẹ̀kẹ̀. "Súẹ́ẹ̀dì tó ń dán! Ayé ẹ ti bàjẹ́." Bàbá mi, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, béèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ìmúra la ẹnu: "Dádì, bàtà báyìí, wọn kì í..." Mo fi gìgísẹ̀ bàtà náà tẹ̀ ẹ́ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ mú, ó ń fò sókè. Iṣẹ́ ṣumékà yẹn lágbára.

Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa láti Yaba, ó wọ súẹ́ẹ̀dì búráùn tirẹ̀. Ó rọra bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ ọwọ́ sùn, ó wọ pálọ̀ lọ ṣàlàyé ṣòkòtò rẹ̀ fún ìyá mi.

Lẹ́yìnkùlé, bàbá mi ti kun gbogbo bàtà tán. Àkísà ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ojú rẹ̀ ti fà ro pé iṣẹ́ tán.

"Ó tán nìyẹn?" ló bi mí.

"Ó ku ti Bọ̀ọ̀dá, Dádì." Mo lọ gbé e wá, mo tò ó síwájú rẹ̀.

Ó gbé ẹsẹ̀ bàtà kan sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. "Àwọn tó rẹ́ ẹ jẹ yẹn náà ló rẹ́ òun náà jẹ," ó wí, ojú rẹ̀ sì tún là. Mo bá a ṣí agolo pólíìṣì.