Màámi Kí Àwọn Ahunṣọ Ìlú Òyìnbó

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí èmi àti màámi fi gbéra nílé wa ní Arlington, nílùú òyìnbó. Ó ku díẹ̀ kí ìyàwó mi bímọ, màámi sì ti ní òun ń padà sí Ìṣẹ́yìn. "Èmi ò lè gbé ibi tí a ti ń kí èèyàn tí wọn kì í dáhùn," ló wí. Ọkàn mi bàjẹ́. Ta ni yóò wẹ ọmọ fún wa? Mo ní kí n mú un lọ wo ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ ṣẹ́dà láyé àtijọ́, bóyá ara rẹ̀ á yá, torí ahunṣọ ni bàbá rẹ̀.

Fíríwéè, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, dán bí awo, kò sí kòtò, kò sì sí ẹni tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A yà ra koláṣì nílé epo, ìyẹn búrẹ́dì dídùn tí wọ́n fi sọ́sééjì sí nínú, dọ́là mẹ́ta ọ̀kan. Màámi jẹ ẹ́ tán, ó ní ẹni tó ṣe é ń bá ata ṣọ̀tá.

Ìlú kékeré kan tó kọjá ìlú McKinney ni ilé iṣẹ́ náà wà. Ìgbà tí rélùwéè dé ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ náà, bíríkì pupa, fèrèsé gàgàrà. Miss Carol, òyìnbó àgbàlagbà tó ń mú àlejò kiri, sọ pé ọkọ̀ ojú omi ló ń kó òwú ṣẹ́dà wá láti Japan. Nígbà ogun, aṣọ tí sójà fi ń fò sílẹ̀ láti inú bàálù ni wọ́n ń hun. Nígbà tó yá, òwú náílọ́nù dé, kò wọ́n, ni ẹ̀rọ bá dákẹ́. Mo ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀, n kò mọ̀ pé màámi ti fi mí sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ nídìí ẹ̀rọ. "Ẹ̀yin ahunṣọ, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó yíjú sí mi tìbínútìbínú. "Ṣó o rí wọn? Àwọn mẹ́ta! Kò sẹ́ni tó gbójú sókè!"

"Màámi, ère ni wọ́n. Wọ́n kàn wọṣọ fún wọn ni."

Ó fọwọ́ kan imú ọ̀kan, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Miss Carol bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sọ ọ́. Ó ní, kí ló yẹ kí wọ́n fi dáhùn? Mo kọ́ ọ. Ni Miss Carol bá lọ dúró sẹ́yìn àwọn ère, ó ké tòò: "Ẹ ṣé o, Mama!"

Màámi dì mọ́ ọn, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Tèmi náà bọ́. Mo rò pé aṣọ ni mo gbé ìyá mi lọ wò, àṣé èsì kan péré ló ń wá.

A délé ní ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé ẹ ṣì ń lọ?"

"Kí n máa lọ ibo? Àwọn èèyàn yìí ò burú, ẹnìkan ò kọ́ wọn ni. Kí ọmọ yẹn tó rìn, gbogbo àdúgbò yìí á ti mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn."