Orúkọ Tí Ìyàwó Òjó Kì Í Pè

Olúmúyìwá Fáṣuyì, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, tó ń gbé ní Adó-Èkìtì, ti ní kí wọ́n pa ètò kọ̀ǹpútà tí òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún tò jọ. Láti ọjọ́ Ajé tó kọjá ni àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tí ẹgbẹ́ aláàánú kan dá sílẹ̀ ní àárín gbùngbùn Èkìtì ti padà sídìí káàdì oníwèé.

Ọmọ tíṣà ni. Ó kàwé ní Ifẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ kan ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń fi ahọ́n Èkìtì rẹ̀ dá a mọ̀, kí ó tó padà wálé. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń ya àwòrán ilé kí bíríkìlà tó dé. Ilé ìwòsàn kan kọ “àtọ̀gbẹ” sínú kọ̀ǹpútà, òmíràn kọ “ìtọ̀ ṣúgà”, ẹ̀kẹta fi orúkọ òyìnbó rẹ̀ pè é. Olúmúyìwá ló ń mú kí ẹ̀rọ mọ̀ pé àìsàn kan náà ni, kí ó sì mọ̀ pé ẹni tó gba oògùn ní Ìgbẹmọ lóṣù tó kọjá ló tún dé Ìgèdè lónìí. Ohun tó máa ń tẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ létí ni pé ohun tí a kò kọ sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí kò sí. Ó lè jẹ́ pé a kò tíì gbọ́ ni.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, Monínúọlá, tíṣà kan ní Ìgbẹmọ, lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Òjó, tó ń ta pákó ní Ìgèdè. Ibà dá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná débi pé ó ń ṣe ìrànrán. Òjó wà nínú igbó níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, nítorí náà Àdùnní, ìyàwó rẹ̀, ló gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bùkọ́lá, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, bèèrè orúkọ aláìsàn. Àdùnní ní Adúmáradán ni.

Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà kéré sí i lọ́jọ́ orí. Orúkọ tí ó fún un nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni yóò máa pè é títí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Monínúọlá ti jẹ́ Adúmáradán lẹ́nu Àdùnní. Bùkọ́lá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ wá a títí, kò rí Adúmáradán kankan, ó sì kọ ọ́ jáde pé: Ẹni tuntun. Kò sí ìkìlọ̀.

Ìkìlọ̀ wà. Ó wà ní Ìgbẹmọ, lábẹ́ orúkọ Monínúọlá, pé ara rẹ̀ kì í gba irú oògùn ibà kan. Oògùn náà gan-an ni wọ́n fún un. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, awọ ara rẹ̀ ti ń bó, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti wú dí.

“Múyìwá, ètò rẹ ò ṣàṣìṣe,” ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláyẹmí, alákòóso ẹgbẹ́ náà, wí. “Ìnagijẹ ni wọ́n tẹ̀ sí i. Sọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Bùkọ́lá á gba ìwé gbélé-ẹ, iṣẹ́ á sì máa lọ.”

Ṣùgbọ́n Olúmúyìwá mọ̀ pé ohun tí ẹ̀rọ máa ń sọ tẹ́lẹ̀ ni: A kò tíì mọ ẹni yìí, ẹ bèèrè sí i. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣàròyé pé ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù lójú ẹ̀rọ. Òun ló gé e kúrú sí “Ẹni tuntun. Kò sí ìkìlọ̀.” Bẹ́ẹ̀ Akọ̀wé ni àwọn ìyàwó ilé bàbá tirẹ̀ ń pè é láti kékeré, kò sì rántí wọn nígbà tó ń ṣòfin orúkọ fún ẹ̀rọ.

Ó lọ kí Monínúọlá níbi tó dùbúlẹ̀ sí ní ilé ìwòsàn ńlá ní Adó. Wọ́n fi báńdéèjì di ojú rẹ̀.

“Ta nìyẹn?” ni ó bèèrè.

“Ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà ni, Adúmáradán,” ni Àdùnní dáhùn.

“Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé kọ̀ǹpútà yín ti wá mọ̀ mí báyìí?”

Àdùnní bú sẹ́kún. “Ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ ìdí tí mo fi purọ́ orúkọ.”

“Ta ló ní o purọ́? Ìyàwó, ọjọ́ tó o bá pè mí lórúkọ, màá ti mọ̀ pé ìjà dé. Jókòó jàre, omijé rẹ ń kán sí mi lẹ́sẹ̀.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi, mà,” ni Olúmúyìwá wí. “Ẹ̀rọ sọ ohun tí kò mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.”

Monínúọlá yíjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá. “Ṣé ẹ lè sọ ọ́ níwájú wọn? Bùkọ́lá wá síbí lánàá. Ó ní wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò rọ́pò òun.”

Olúmúyìwá ní òun yóò sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì ló pa ètò náà. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyẹmí kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́, àwọn tó fẹ́ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un ní ìpínlẹ̀ míràn sì ti dákẹ́. Àwọn dókítà ní ojú ọ̀tún Monínúọlá yóò là. Ti òsì ni wọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní Adó. Bùkọ́lá àti Àdùnní ni wọ́n pè láti wá wí tẹnu wọn. Olúmúyìwá ti ránṣẹ́ sí wọn pé òun ń bọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tòun.